Kí Ni A Bi Ewé Náà Léèrè?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ ń rọ àgbo sínú ike tí ẹ ń polówó rẹ̀ lórí fóònù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á mu, ẹ fetí sí mi. Gbólóhùn kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu yín báyìí: "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù." Alágbo sọ ọ́, oníbàárà kò jiyàn mọ́. Oníbàárà gbọ́ ọ, ó ṣí ìgò, ó gbé e mu. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè pé: kí ni wọ́n bi ewé náà léèrè ní láàbù ọ̀hún, èsì wo ló sì fọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Àyẹ̀wò kì í dáhùn ju ìbéèrè tí a bi í lọ. Ewé kan lè yege nínú ìdánwò mẹ́ta, kó fìdí rẹmi nínú ìkẹrin, ìkẹrin yẹn ló sì lè jẹ́ èyí tí ẹ̀mí so mọ́. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀nà Iléṣà, tó wá fi èsì náà rin ọ̀nà Ṣakí, òun ló ṣi ara rẹ̀ lọ́nà.

Ẹ má rò pé mo wá tàbùkù ewé. Kuníìnì tí àwọn bàbá wa fi wo ibà, èèpo igi ló ti wá. Pelletier àti Caventou ló yọ ọ́ jáde lára èèpo igi sinkónà ní Paris lọ́dún 1820. Mọ́fíìnì tí dókítà ń fún ẹni tí ìrora iṣẹ́ abẹ ń dà láàmú, oje òdòdó ni. Ẹni tó bá ní ewé kì í ṣe oògùn kò mọ ìtàn oògùn. Ẹni tó sì ní ohun gbogbo tó bá ti jẹ́ ewé kò lè pa ni lára, òun náà kò tíì rí nǹkan.

Ìbéèrè kìíní tí a gbọ́dọ̀ bi ewé ni pé: ìwọ gan-an ta ni? Ẹ lè rẹ́rìn-ín pé ta ni kò mọ ewé tó fọwọ́ ara rẹ̀ já. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà. Kò pẹ́, kíndìnrín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà kéde ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1993. Nígbà tó yá, àwọn tó fara gbá a lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n yẹ egbòogi náà wò fínnífínní, Stephania tetrandra tí wọ́n rò pé àwọn ń lò kọ́ ló wà níbẹ̀. Gbòǹgbò Aristolochia fangchi ni wọ́n ti kó wọlé dípò rẹ̀, nítorí orúkọ àwọn méjèèjì jọra lédè Ṣáínà. Ásíìdì kan wà nínú Aristolochia tí ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ sí ọ̀nà ìtọ̀. Nínú àwọn 39 tí àwọn dókítà yọ kíndìnrín wọn tó ti bà jẹ́, tí wọ́n sì jábọ̀ lórí wọn lọ́dún 2000, àwọn 18 ni wọ́n bá jẹjẹrẹ lára wọn.

Ẹ má sọ pé ẹjọ́ àwọn òyìnbó nìyẹn. Ìdílé kan náà ni akọ-igún tó wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kùlẹ́jà wa ti wá, èyí tí a ń sè mọ́ àgbo, tí a tún ń rẹ sínú ọtí. Bí a bá sì ti gé gbòǹgbò gbígbẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tán, ojú lásán kò lè dá a mọ̀ mọ́. Orúkọ náà kò ṣeé gbára lé tán, torí orúkọ tí wọ́n fi ń pe ewé kan ní Èkìtì, ewé mìíràn ni wọ́n lè máa fi pè ní Ìjẹ̀bú. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń já ewé tòun ti òdòdó tàbí èso rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ gbẹ sáàárín bébà, tó sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ, irú èyí tó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ní Jericho, Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ yóò wò ó, wọn yóò sọ ohun tó jẹ́, wọn yóò fún un ní nọ́ńbà, wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí iṣẹ́ ìwádìí yín kò bá ní nọ́ńbà yìí, ẹ kò lè fi dá ẹnikẹ́ni lójú pé ewé tí ẹ sọ lẹ lò.

Ìbéèrè kejì: kí ló wà nínú rẹ, báwo la sì ṣe ń mú un jáde? A ó sá ewé níbòòji, a ó lọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí líle, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá jẹ́ kí omi rẹ̀ fẹ́ lọ títí yóò fi ku kìkì ohun tó ki, tó sì dúdú. Bí a bá po èyí pọ̀ mọ́ omi, tí a mì ín, tó hó, tí ìfófòó náà kò tètè rọ̀, saponin wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fọ ewúro rí ti rí i láìdé láàbù. Bí a bá kán èròjà ferric chloride sí i, tó dúdú bí aró, tannin ni. Bí èròjà Dragendorff bá mú àwọ̀ ọsàn pupa jáde nínú rẹ̀, alkaloid ni. Ibí yìí ni iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀pọ̀ nínú yín ń parí sí, tí ẹ ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "nítorí náà, ewé yìí wúlò fún ìlera." Tannin wà nínú tíì tí ẹ ń mu láàárọ̀. Flavonoid wà nínú àlùbọ́sà. Ká mọ orúkọ ohun tó wà nínú ewé kò tíì sọ ohun tó ń ṣe lára fún wa.

Bí a ṣe pò ó náà ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1967, ìjọba Ṣáínà kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá oògùn tuntun fún ibà. Nígbà tó yá, wọ́n fi obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou ṣe olórí ikọ̀ kan nínú wọn. Ikọ̀ rẹ̀ dán ọ̀pọ̀ egbòogi wò lára eku. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un dán wò, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Tu padà sídìí ìwé oníṣègùn àtijọ́ kan, Ge Hong, tó ti gbé ayé ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún ṣáájú. Ìwé náà ní kí wọ́n rẹ ewé yìí sínú omi, kí wọ́n fún oje rẹ̀, kí aláìsàn mu ún. Kò dárúkọ iná. Ó yé Tu pé ooru ló ń ba oògùn náà jẹ́. Ó fi éétà, tí kì í gba ooru púpọ̀ kó tó hó, yọ oògùn jáde. Lọ́dún 1971, àpẹẹrẹ nọ́ńbà 191 pa gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára eku. Lọ́dún 1972, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Òun ló di artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò lónìí, wọ́n sì fún Tu ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan, làwọn àgbà wí. Nígbà mìíràn ewé pé, iná ló pọ̀ jù.

Ìbéèrè kẹta: kí lo lè ṣe sí kòkòrò àrùn nínú àwo? A ó tẹ́ oúnjẹ kòkòrò sínú àwo pẹlẹbẹ, a ó gbin kòkòrò sí i, a ó lu ihò sáàárín rẹ̀, a ó kán oje ewé sínú ihò náà. Lọ́jọ́ kejì, bí òrùka tó mọ́ gaara bá yí ihò náà ká, ewé ti lé kòkòrò sẹ́yìn. Inú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dùn, ó sì tọ́ kó dùn, torí ìbẹ̀rẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tí a fi ń sọ aṣọ di funfun náà ń pa kòkòrò nínú àwo, kò sì sí ẹni tó jẹ́ gbé e mu. Nínú àwo, oje ewé àti kòkòrò wà lójú ara wọn. Nínú ènìyàn, oje náà gbọ́dọ̀ la inú kọjá, kí ẹ̀dọ̀ má tú u ká, kó wọnú ẹ̀jẹ̀, kó dé ibi tí àrùn sá pamọ́ sí, kí ohun tó dé ibẹ̀ sì tó láti ṣe nǹkan.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ orógbó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu kéde níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis, Amẹ́ríkà, pé ohun kan nínú orógbó dá fáírọ́ọ̀sì Ebola dúró ní láàbù. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2014, Ebola wọ Èkó. Kíá ni orógbó gbówó lérí, tí àwọn ènìyàn ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn ní omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀, kí wọ́n fi wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ló kú nílẹ̀ yìí nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, Dókítà Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ kúrò nílé ìwòsàn, sì wà lára àwọn tó bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá gbogbo ẹni tó bá aláìsàn pàdé kiri, ilé dé ilé, tí wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn lójoojúmọ́, àwọn ló lé Ebola lọ. Ìwádìí ọdún 1999 kò parọ́. Wọ́n bi orógbó bóyá ó lè dá fáírọ́ọ̀sì náà dúró ní láàbù, ó ní òun lè ṣe é. Àwa la mú èsì yẹn lọ fi dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í.

Ìbéèrè kẹrin: kí ni ìwọ̀n rẹ, ìgbà wo lo sì ń di májèlé? Ní láàbù, a ó fún eku ní oje náà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, a ó máa ṣọ́ wọn. A ó fún àwọn mìíràn ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí 90, lẹ́yìn náà a ó yẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn wò. Ẹ ó ní, "Bàbá àgbà, láti ayébáyé la ti ń mu ún." Mo gbọ́. Ẹ̀rí ayébáyé lágbára lórí májèlé tí ń pa ni lójú ẹsẹ̀. Àwọn baba wa tètè dá irú rẹ̀ mọ̀, wọ́n sì yẹra fún un. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tó ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò rántí ife àgbo tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ní ti ìwọ̀n, ẹ wo asofẹ́yẹjẹ. Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi tọ́jú wèrè kí òyìnbó tó dé, nígbà tí àwọn ará Íńdíà náà ń fi igi tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Lọ́dún 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine jáde lára igi ti Íńdíà. Ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Reserpine ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú ara rọlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó ń sọ ènìyàn sínú ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀ kọjá ààlà. Ohun tí dókítà ń wọ̀n fún aláìsàn kì í sábà tó ẹyọ mílígírámù kan lóòjọ́. Ẹ wá sọ fún mi, ife wo ni ìyá alágbo fi ń wọn ìyẹn? Gbòǹgbò inú òjò àti gbòǹgbò inú ọyẹ́ lè má lágbára bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ti igi àgbà àti ti igi kékeré. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé ìwòsàn bá tún gbé asofẹ́yẹjẹ lé e, ó ti lo oògùn ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Ìbéèrè karùn-ún ló le jù, òun ló sì wọ́n jù: ṣé o ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lóòótọ́? Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé omi gbòǹgbò orín àtà, èyí tí a fi ń rin ẹnu, ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Àwọn tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà gbọ́ ìròyìn náà, ìrètí sọjí. Ṣùgbọ́n nínú ìgò kékeré ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, ó ku kí wọ́n bi í lára ènìyàn.

Oògùn mìíràn wà fún àìsàn yìí kan náà tó dé orí ìbéèrè karùn-ún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Rev. P. O. Ògúnyalé, tó ń ṣe ìṣègùn ìbílẹ̀, mú ìmọ̀ ìdílé rẹ̀ tọ NIPRD lọ, ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí nígbà náà. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí èyí tí ẹ kò lè rí nínú ọjà Ìbàdàn lónìí. Ilé iṣẹ́ náà bá a tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ má bàa ṣòfò. Wọ́n yẹ ẹ́ wò nínú ìgò, wọ́n yẹ ẹ́ wò lára ẹranko, wọ́n wá pe àwọn aláìsàn 82 jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn náà, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò sì mọ̀.

Ẹ lè béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrora fòníkú-fọ̀ladìde máa ń wá, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí mo bá fún yín ní omi lásán lónìí tí ìrora sì rọlẹ̀ lọ́la, omi náà lẹ ó máa yìn. Ọ̀nà tí a lè fi mọ ọwọ́ oògùn yàtọ̀ sí ọwọ́ àkókò ni kí a fi ẹni tó lò ó wé ẹni tí kò lò ó, kí ojú má sì mọ ta ni ta ni. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 ni pé ìrora líle náà kò wá léraléra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lo oògùn náà. Wọn kò sọ pé ó ń sọ SS di AA. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àgbo tòun ń yí jínótáìpù padà, irọ́ ló ń pa. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ yìí, gbà á wọlé lọ́dún 2006 ní orúkọ Nicosan. Ilé iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó gba iṣẹ́ náà ṣe wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé. Àwọn onímọ̀ tó tún yẹ ìwádìí náà wò lẹ́yìn náà ní ó fi àmì rere hàn, ṣùgbọ́n ìdánwò ẹyọ kan kò tó, àfi kí wọ́n tún un ṣe. Mo mọ̀ pé èyí kò dùn mọ́ yín nínú. Bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ iṣẹ́ yìí rí.

Ẹ tún kíyè sí nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìgò. Ọ̀pọ̀ àgbo ni àjọ náà kàn fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó ṣeé mu. Ẹ yí ìgò náà padà, ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà yẹn ṣe ẹ̀rí pé oògùn òun ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń fi èsì ìbéèrè kan dáhùn òmíràn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bàbá oníṣègùn mọ ewé, ẹ̀yin mọ bí a ṣe ń bi í léèrè. Ẹ má lọ gba ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgò ọtí kan, kí ẹ wá kọ orúkọ ara yín nìkan sórí ìwé. Ẹ bá a kọ àdéhùn kí ẹ tó já ewé kan. Bí ewé bá sì dáhùn "rárá," ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa fi ọdún márùn-ún wá ohun tí kò sí kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbo, ẹ má lọ oògùn kẹ́mísítì mọ́ ọn ní kọ̀rọ̀ kó lè tètè ṣiṣẹ́, ìpànìyàn nìyẹn. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì dákẹ́ lórí èyí tí ẹ kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún dókítà yín, kí ojú má tì yín. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́, ẹ má jáwọ́ nínú rẹ̀ nítorí ìgò ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, ẹ bi í pé èwo nínú ìbéèrè márààrún ni wọ́n bi ewé náà. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi owó yín sápò.